Níbo Ni Ìpè Náà Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa

 

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù tuntun tí ó wà ní ilé iṣẹ́ wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rò ó nínú pé, kí ni tiwa ti tẹlifóònù, ẹ̀kúnwó owó oṣù ni a wá gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ń bọ̀ lẹ́yìn tèmi, alága ni yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí tẹlifóònù yìí, ẹlòmíràn sì pàdánù ìka méjì ní òru ọjọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, kí n sì sọ bí a ṣe wá ìdí rẹ̀ títí tí a fi rí i. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ìpè ń gbà kò ní jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi ẹ̀rọ lé òun lórí.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ilé-ìwé alẹ́ fún ọdún mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa ní ìṣirò àti iṣẹ́ iná díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì fi ojú ara mi rí i.

Ní ọdún 2023, ní nǹkan bí aago méjì òru, rólà ẹ̀rọ gbá ọwọ́ arákùnrin wa kan mú níbi tí a ti ń di ọjà. Ẹ mọ̀ pé a máa ń fi fóònù alágbèéká wa sílẹ̀ nínú àpótí ní ẹnu géètì kí a tó wọlé síbi iṣẹ́. Tẹlifóònù ara ògiri nìkan ni ó wà nítòsí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa ẹ̀rọ, ó sáré lọ síbẹ̀, ó tẹ 112. Kò ṣi nọ́ńbà tẹ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì tí àjọ NCC fi lélẹ̀ fún Nàìjíríà, ẹni tí ó bá pè é kò san kọ́bọ̀. Tẹlifóònù náà ń dún ní etí rẹ̀. Ó dún, ó dún, kò sí ẹni tí ó gbé e, ó sì já. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó rí i pé kò sí ìdáhùn, ó sáré lọ bá bàbá ọlọ́dẹ ní géètì. Bàbá gbé tẹlifóònù tiwọn, ìyẹn kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n pe ìta rárá. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ jókòó síbí ni ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn. Olúwa yóò san án fún un.

A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bọ́. Ìka méjì ni ó lọ. Èmi kò lè dúró níbí kí n sọ pé bí ìpè náà bá wọlé, ìka náà ì bá ṣì wà. Dókítà nìkan ni ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó pe tẹlifóònù ní kúẹ́rì. Ẹni tí ó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Wọ́n ní ó fi àkókò ṣòfò, wọ́n ní kò tẹ nọ́ńbà tí ó yẹ, pé bí ó bá jẹ́ pé 112 ni ó tẹ̀ ní tòótọ́, àwọn elétò pàjáwìrì ì bá ti gbé e. Ọ̀gá tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wò mí lójú, wọ́n ní, "Aṣojú, ẹ̀rọ kì í purọ́." Mo ní, "Òótọ́ ni ẹ sọ, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí a lọ bi ẹ̀rọ náà léèrè."

Kí n tó sọ ohun tí ẹ̀rọ náà wí, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń ronú.

Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí ìyá wa tí ó ń jókòó sí ìdí pátákó tẹlifóònù ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Bí ẹ bá gbé tẹlifóònù, ohùn wọn ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ kò nílò láti mọ nọ́ńbà kankan. Ẹ ó kàn ní, "Mà, ẹ bá mi pe ilé ìwòsàn," wọn yóò sì so yín pọ̀. Bí ẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n á máa bi yín pé ta ni, níbo ni, bí wọ́n ti ń so wáyà lọ́wọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ gbé tẹlifóònù tuntun yìí dé ní ọdún 2021, wọ́n fún ìyá ní fèrèsé tí ó dára àti ìwé ìdágbére, wọ́n kó pátákó lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ń darí ìpè kéré, kí ó gbọ́ ìtàn Almon Strowger. Iṣẹ́ òkú sísin ni ọkùnrin yìí ń ṣe ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé ìyàwó ẹni tí ó ń bá a du oníbàárà ni ó ń so ìpè nílùú náà, àti pé bí olókùú bá béèrè Strowger, ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ni ó ń so ó sí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá wọ́n bù mọ́ ọn. Èyí tí ó dájú ni pé Strowger gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1891 lórí ẹ̀rọ tí ń so ìpè fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó jókòó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní La Porte, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní ọdún 1892. Ó rò pé òun ti yọ ọwọ́ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Ènìyàn kò kúrò o. Ibi tí ó jókòó sí ni ó yí padà. Nígbà kan ó ń so wáyà, nísinsìnyí ó ń kọ ìwé tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé.

Tẹlifóònù íntánẹ́ẹ̀tì tí a ní yìí, wáyà kan náà tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń lò ni ó ń gbà. Ó ń gé ohùn yín wẹ́wẹ́, ó ń di í sínú àpò kéékèèké, ó ń fi ránṣẹ́, tẹlifóònù ọ̀hún sì ń tú u. Kọ̀ǹpútà kan wà ní yàrá kan lókè tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn. Ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Asterisk. Mark Spencer, ará Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1999, ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò láìsanwó, ìdí nìyẹn tí ó fi pọ̀ káàkiri ayé. Nínú kọ̀ǹpútà yìí ni ìwé kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dial plan. Èmi yóò máa pè é ní ìwé ọ̀nà. Ìlà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń sọ pé: bí ẹnìkan bá tẹ nọ́ńbà báyìí, ṣe báyìí.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ fi ojú gáréèjì wò ó. Obìnrin kan dé pẹ̀lú ẹrù, ó ní Ìjẹ̀bú ni òun ń lọ. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni ó wà níbẹ̀, yóò bi í pé, "Ìjẹ̀bú wo, ìyá? Òde ni tàbí Igbó?" Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwé lásán ni a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí a kọ sí i pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pe Ìjẹ̀bú, ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ni kí ẹ gbé e sí, Òde ni yóò bá ara rẹ̀, ìbáà ṣe òkú ni ó ń lọ sin ní Igbó. Ìwé náà kò ṣìṣe. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni ó ṣe.

Ẹni tí ó ń kọ ìwé ọ̀nà kò lè to gbogbo nọ́ńbà ayé sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó máa ń fi lẹ́tà dípò. X dúró fún nọ́ńbà èyíkéyìí láti 0 dé 9. Z dúró fún 1 dé 9. N dúró fún 2 dé 9. Bí ẹ bá rí àmì tó-tó kan ní ìparí ìlà, ó túmọ̀ sí pé iyekíye nọ́ńbà tí ó bá tẹ̀ lé e, kí ẹ̀rọ gbà á. Èyí tó láti mọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gírámà dẹ́rù bà yín lórí ìyókù.

Wàyí o, àwọn tẹlifóònù inú ọgbà wa, láti 100 dé 199 ni nọ́ńbà wọn. Ẹni tí ó kọ ìwé ọ̀nà kọ ìlà kan ṣoṣo fún gbogbo wọn: 1XX. Ìyẹn ni pé, ọ̀kan, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà èyíkéyìí, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà èyíkéyìí mìíràn, inú ilé ni, lọ dún un níbẹ̀.

Mo rí i pé àwọn kan ti ń mi orí. Ẹ ti rí i. Ọ̀kan, ọ̀kan, èjì. 112 náà bọ́ sínú 1XX. Ẹ̀rọ kò mọ ẹ̀jẹ̀, kò mọ òru. Ó wo ìlà náà, ó rí i pé ó bá a mu, ó sì lọ dún tẹlifóònù inú ọgbà tí ó ń jẹ́ 112. Ta ni ó ni 112? Sítọ́ọ̀! Sítọ́ọ̀ tí wọ́n ti tì pa láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Lórí tábìlì ọ̀gá sítọ́ọ̀, láàárín fáìlì, ni ìpè pàjáwìrì náà ti ń dún. Eku nìkan ni ó gbọ́ ọ.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Akọ̀wé wa kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá pé a fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ìpè òru ọjọ́ náà. Gbogbo ìpè tí ó bá gba inú kọ̀ǹpútà yìí kọjá ni ó ń kọ sílẹ̀: aago tí ó wáyé, tẹlifóònù tí ó ti jáde, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀, ibi tí ó lọ, bóyá wọ́n gbé e, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó lò. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin fà á, wọ́n gbà. Ọmọkùnrin tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n wá jókòó ti òun. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́ ibí," bẹ́ẹ̀ ni ó ń pè mí. Ó ṣí ìwé náà. Ìlà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, tẹ̀léra tẹ̀léra, láti tẹlifóònù ibi ìdìpọ̀, tí wọ́n tẹ 112, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ní ìkọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rọ sì fi lẹ́tà ńlá kọ NO ANSWER sí iwájú rẹ̀. Orí mi wú. Ọmọ wa kò purọ́.

Lẹ́yìn náà ó ní kí n wo nǹkan kan. Ó kọ dialplan show, ó fi 112 àti orúkọ yàrá tí tẹlifóònù ìdìpọ̀ wà nínú ìwé tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ sì dáhùn láìjanpata, ó fi ìlà tí yóò mú nọ́ńbà náà hàn wá: 1XX. A kò ní láti dúró de jàm̀bá kí a tó mọ̀. Ìbéèrè tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ ni, láti ọdún 2021 ni ẹnikẹ́ni ì bá ti bi í.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá tí ó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún un kà. Wọ́n fa kúẹ́rì náà padà. A ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n fà á padà, nítorí pé ẹnu lásán kì í pa kúẹ́rì rẹ́ nínú fáìlì. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ti bá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ní ilé ìtura kan ní ìlú Marshall, ní Texas, ọkọ tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Kari Hunt ti yà sọ́tọ̀ sí kọ lù ú nínú yàrá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ: ó tẹ 911, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó tẹ̀ ẹ́, kò jáde, nítorí pé tẹlifóònù ilé ìtura náà ń fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ 9 kí wọ́n tó pe ìta. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Ìyá náà kú. Bàbá olóògbé kò dákẹ́, ó ń lọ láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn, títí wọ́n fi sọ ọ́ di òfin ní oṣù Kejì ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní òfin Kari. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2020, irú tẹlifóònù ilé iṣẹ́ àti ilé ìtura báyìí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí 911 lọ tààrà, láìsí nọ́ńbà kankan níwájú rẹ̀. Mo sọ èyí fún àwọn tí ó ní ohun kékeré ni a ń pariwo lé lórí.

Àtúnṣe tiwa kò le. Ọmọkùnrin yẹn kọ ìlà tuntun sínú ìwé ọ̀nà, 112 gan-an, láìsí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò yẹ kí ó wà lókè 1XX kí ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rò bẹ́ẹ̀. Asterisk kì í wo èyí tí a kọ́kọ́ kọ, èyí tí ó bá nọ́ńbà náà mu jù ni ó ń mú. Nọ́ńbà tí a kọ délẹ̀délẹ̀ ni ó ń ṣíwájú, èyí tí ó ní X nínú tẹ̀ lé e, èyí tí ó ní àmì tó-tó ni ó ń gbẹ́yìn. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ bá kúrò níbí lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ béèrè. Wọ́n gba 112 lọ́wọ́ sítọ́ọ̀, wọ́n fún un ní nọ́ńbà mìíràn. Wọ́n sì so àpótí kékeré kan tí ó ní síìmù nínú mọ́ kọ̀ǹpútà náà, kí 112 lè máa gba ibẹ̀ jáde bíi ti fóònù alágbèéká, nítorí pé ilé iṣẹ́ tí ń ta láìnì íntánẹ́ẹ̀tì fún wa kò fún wa ní èsì kan pàtó nígbà tí a bi wọ́n bóyá àwọn ń gbé 112.

Ó ku tẹlifóònù bàbá ọlọ́dẹ. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, ẹnìkan ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Nínú ìwé ọ̀nà, wọ́n máa ń pín tẹlifóònù sí yàrá yàrá. Tẹlifóònù tí ó bá wà ní yàrá kan, ìlà inú yàrá náà nìkan ni ó ń rí. Yàrá tí wọ́n fi ti géètì sí kò ní ilẹ̀kùn ìta, kí àwọn ọlọ́dẹ má baà máa fi owó ilé iṣẹ́ pe ìyàwó wọn lóru. Èmi kò bá wọn jà lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá tí ti ọ̀gá àgbà wà ní ilẹ̀kùn dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí mo sọ ni pé kò gbọdọ̀ sí yàrá tí 112 kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi í sí gbogbo yàrá báyìí.

Mo ní kí n kan ẹ̀yin awakọ̀ lára. Ẹ rántí arákùnrin wa tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí ọ́fíìsì ní àwọn pè é títí, tí wọ́n ní ó pa fóònù kí ó lè rí àyè sùn? Wọ́n fẹ́ gé owó rẹ̀. Mo bi wọ́n pé, nígbà tí ẹ pè é, kí ni ẹ gbọ́? Wọ́n ní ohùn obìnrin kan ni ó ń sọ pé kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mo gba fóònù alágbèéká tèmi, mo pe nọ́ńbà awakọ̀ náà níwájú wọn, ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà ni mo béèrè ìwé ọ̀nà. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti fi 070 sí i, 080, 081, 090, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú X mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ kí ó lè pé mọ́kànlá. 091 kò sí níbẹ̀! Nọ́ńbà awakọ̀ yìí, 0913 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Láti inú ọgbà wa, gbogbo ẹni tí ó ní 091 kò sí láyé.

Mìíràn tún wà tí ó jọ ọ́. Ẹlòmíràn fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú 234, orúkọ orílẹ̀-èdè wa lórí tẹlifóònù, tí ó sì yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò bí ó ti yẹ. Nọ́ńbà kan náà ni, ṣùgbọ́n kò fi òdo bẹ̀rẹ̀ mọ́, ó sì ti di mẹ́tàlá dípò mọ́kànlá. Ìlà tí ó mọ òdo nìkan kò ní dá a mọ̀. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ ìlà fún méjèèjì, yóò sì tún nọ́ńbà náà tò bí ilé iṣẹ́ tí ń gbé ìpè jáde bá ṣe fẹ́ ẹ.

Ní báyìí, bí ìpè kò bá lọ, ẹ má kàn wá bá mi pé, "Aṣojú, kò lọ." Kò lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ sọ aago tí ẹ pè fún mi, tẹlifóònù tí ẹ lò, nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀, àti ohun tí ẹ gbọ́. Bí ojú tẹlifóònù bá ṣókùnkùn, tí kò sí ohùn nínú rẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ iná tàbí wáyà ni, kì í ṣe ti ìwé ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Tẹlifóònù àtijọ́ tí ó ní wáyà méjì, láti inú wáyà náà ni ó ti ń gba iná, bí iná ìjọba lọ, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tí ì dún, tí kọ̀ǹpútà òkè àti àpótí tí ó pín wáyà kò sí lórí ínfátà, gbogbo tẹlifóònù ọgbà di igi. Àwọn ọ̀gá ti fi ínfátà sí ti kọ̀ǹpútà. Ti àpótí tí ó wà ní ibi ìdìpọ̀ ni a ṣì ń bá wọn fà.

Bí ó bá dún níbòmíràn, tàbí tí ohùn obìnrin bá ní kò sí i, ìwé ọ̀nà ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá dún níbi tí ó yẹ, tí wọ́n gbé e, ṣùgbọ́n tí ẹnìkan ń gbọ́ tí ẹnìkejì kò gbọ́, ìwé ọ̀nà kò jẹ̀bi. Ọ̀nà tí ìkéde ìpè ń gbà yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ohùn fúnra rẹ̀ ń gbà, ohùn ni ó há sí ẹnu ibodè íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tìtorí ìyẹn lọ máa tún ìwé ọ̀nà kọ, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ tún mọ èyí. Àwọn tẹlifóònù kan ní ìwé ọ̀nà kékeré tiwọn nínú ara wọn. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà mẹ́ta tán, ó lè máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan bóyá ẹ ṣì fẹ́ tẹ̀ sí i, ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n yóò rò pé ó ti kú, yóò gbé e sílẹ̀. Ẹ má gbé e sílẹ̀. Ní púpọ̀ nínú tiwa, bí ẹ bá tẹ àmì # lẹ́yìn nọ́ńbà, yóò gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ti ní kí wọ́n tún un ṣe kí 112 má nílò ìdúró kankan.

Ohun tí ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kò pọ̀. A ní kí wọ́n máa dán 112 wò lóṣooṣù, ní òru, níwájú aṣojú òṣìṣẹ́, láti ara tẹlifóònù kọ̀ọ̀kan, àti nígbàkigbà tí wọ́n bá fọwọ́ kan ìwé ọ̀nà. Wọ́n gbà. A ní kí wọ́n lẹ nọ́ńbà pàjáwìrì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifóònù, pẹ̀lú orúkọ ibi tí tẹlifóònù náà wà, kí ẹni tí ó ń pè lè sọ ibi tí kí wọ́n wá. Wọ́n gbà. A ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní kúẹ́rì lórí ìpè láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ ìpè níwájú aṣojú rẹ̀. Èyí ni wọn kò tí ì gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1987 pàṣẹ àpótí ìtọ́jú ẹni tí ó fara pa, kò sì sí ọ̀gá tí yóò ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni ohun tí ó wà nínú àpótí yẹn. Lójú tèmi, tẹlifóònù ara ògiri ti di ara àpótí náà. Alága yóò tún gbé e dé iwájú wọn ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Àyẹ̀wò oṣù yìí yóò wáyé ní òru ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá. Mo fẹ́ ẹnìkan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti gbé e ní 112, ẹ sọ lójúkan náà pé àyẹ̀wò ni láti ilé iṣẹ́ wa, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀, kí a má dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí wàhálà rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ti pààrọ̀ láìnì, pàápàá ẹ̀yin onínọ́ńbà 091, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kí ẹ tó jáde, a ó fi tẹlifóònù ọ́fíìsì pe gbogbo yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà. Alága, ọ̀rọ̀ owó oṣù kù sí yín lọ́wọ́.